Awò Méjì Lórí Òkúta Apọta

Títí di oṣù tó kọjá, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ni ojú rẹ̀ mú jù láti Osi dé Iloffa, mi ò ní jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí màá fi dá a lóhùn. Ìyá Ayọ̀ ni. Keziah Olóyèdé ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, opó Olóyèdé ọdẹ, obìnrin kúkúrú kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, síbẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ ṣí ìwé orin sí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára pátákó iwájú. Mo ti bá a nílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, nígbà tí èmi ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ń wá iná fóònù kí n tó lè rí ẹnu ọ̀nà.

Kì í ṣe ẹ̀wà ló sọ ọ́ di ẹni tí ìlú méjì mọ̀ o. Ìbọn ni, bẹ́ẹ̀ kò yìnbọn rí láyé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ àṣà wa. Lọ́dọọdún, nígbà tí wọ́n bá ti wa iṣu tán, tí koríko sì ti ń gbẹ, àwọn ọdẹ Osi àti àwọn ọdẹ Iloffa máa ń pàdé létí odò kan tó wà láàrin oko wa àti oko wọn, láti yìnbọn sí pátákó. Odò náà kò fẹ̀, ṣùgbọ́n inú kòtò jíjìn ló ń gbà kọjá. Òdìkejì ni pátákó wà, wọ́n kàn án mọ́ ara igi, ó jìnnà ju ìdajì pápá bọ́ọ̀lù lọ díẹ̀. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kùn ún, wọ́n wá kun ojú pupa kan sí àárín rẹ̀ tí kò tóbi ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan, ọta kan. Ìlú tí ọta rẹ̀ bá sún mọ́ àárín ojú pupa jù ni yóò kọ́kọ́ fi iná sí igbó nígbà ọdẹ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹran tó bá kọ́kọ́ sá jáde, tiwọn ni. Ẹni tó yin ọta yẹn, Ojú Pátákó ni a ó máa pè é títí ọdún yóò fi yí po. Bó bá wọ ilé ìyàwó tuntun, bó bá lọ síbi òkú, wọn yóò sún fún un lórí àga.

Èèwọ̀ kan wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ará Osi tàbí ti Iloffa kò gbọ́dọ̀ kọjá odò lọ sí ìdí pátákó. Wọ́n ní láyé àtijọ́, ọkùnrin kan sọdá lọ síbẹ̀, ó fi ìda oyin dí ihò ọta ẹlòmíràn, ó fi ẹfun kùn ún lórí. Nígbà tí àṣírí tú, ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìdílé ká, nítorí pé àwa àtàwọn ará Iloffa ti fẹ́ra tipẹ́. Láti ìgbà náà, àwọn ará Eruku tí kò sí nínú ìdíje ló ń kan pátákó, àwọn náà ló ń tú u. Pátákó yóò wà lára igi ní gbogbo ọdún pẹ̀lú ihò tó borí lójú rẹ̀, kí ẹni tó ń lọ sóko lè máa rí i.

Ẹ óò wá bi mí pé, bí ẹnikẹ́ni kò bá lè lọ wò ó, báwo la ṣe ń mọ ibi tí ọta bà? Apọta ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò gun òkúta ńlá kan tó wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Bí èéfín ìbọn bá ti lọ, yóò wo òdìkejì, yóò sì pe ibi tí ọta wọlé. Ohun tó bá pè, òun náà nìyẹn. Bàbá arúgbó kan ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kó tó kan Ìyá Ayọ̀.

Obbo-Ile ni wọ́n bí Ìyá Ayọ̀ sí. Iṣẹ́ tó ṣe ní kékeré kò ju kó máa lé ẹyẹ nínú oko ìrẹsì bàbá rẹ̀ lọ. Ó sọ fún mi pé ẹni tó bá ń lé ẹyẹ gbọ́dọ̀ rí ẹyẹ kí ẹyẹ tó rí ìrẹsì. Nígbà tí Olóyèdé gbé e níyàwó wá sí Osi, ó gbé iṣu sísè lọ fún àwọn ọdẹ létí odò lọ́jọ́ ìdíje. Bàbá Apọta ìgbà náà dúró lórí òkúta, ó ní ọta ará Iloffa kan wọ inú ojú pupa. Ìyàwó tuntun tó ru iṣu lórí ní, "Ewé ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹnì kan ní, "Ìyàwó Olóyèdé, ọbẹ̀ ni kó o máa wò, ọbẹ̀ ló ń jóná." Afẹ́fẹ́ wá fẹ́ díẹ̀, ihò tó wà nínú ojú pupa sì já bọ́ sílẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ni wọ́n ní kó gun òkúta. Ọta tó kọ́kọ́ pè fi ọkọ rẹ̀ gan-an sí etí pátákó níta, ó sì gbé iná ọdún náà fún Iloffa. Wọ́n bi í pé ṣé yóò rí oúnjẹ jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Ojú mi ò lẹ́bí." Ọ̀rọ̀ yẹn di òwe láàrin ìlú méjèèjì. Bí bàbá kan bá ń pín ẹran, tó fẹ́ fi itan fún ọmọ tó fẹ́ràn jù, ẹnì kan yóò wúkọ́, yóò ní, "Ẹ rántí ojú Ìyá Ayọ̀."

Ọ̀rọ̀ wá dé ọdún tó kọjá. Àwọn Eruku ti kan pátákó mọ́ igi tuntun torí pé ti àtijọ́ wó. Bàbá Lazarus Ṣubúọlá, olórí ọdẹ Iloffa, ọkùnrin gíga tó ń wo ayé láti inú awò ojú tó nípọn, yin ọta tirẹ̀ sí etí ojú pupa. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ibẹ̀. Ayọ̀kúnlé, ọmọ Ìyá Ayọ̀, ló yìn kẹ́yìn. Ìbọn dún, igi dáhùn ní òdìkejì, kó. Èéfín lọ. Ìyá Ayọ̀ dúró díẹ̀ lórí òkúta, ó wá pariwo bó ṣe máa ń pè é láti ọjọ́ yìí wá: "Mo rí i, mo pè é. Ìbọn Ayọ̀kúnlé, àárín ojú."

Gbogbo Osi ló jó dé ilé. Ṣùgbọ́n inú àwọn Iloffa kò dùn. Ọmọ ẹ̀ ni, àbí? Ní gbogbo ọdún yẹn, níbikíbi tí Bàbá Lazarus bá ti pàdé ìyá náà, ní ọjà Oke-Opin, níbi ìsìnkú, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, yóò sáà wí i: "Ìyàwó wa, mo gbọ́ pé ojú tí kò lẹ́bí ti bímọ." Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni Bàbá Lazarus, òun ló ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ nígbà ìgbéyàwó wọn, ìdí nìyẹn tó fi ń pe ìyá arúgbó ní ìyàwó. Ìyá náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó sú u. Ó lọ gun òkúta yẹn lójú àwọn ọdẹ ìlú méjèèjì, ó ní, "Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fi hàn mí pé mo pe ohun tí kò sí fún ọmọ mi, ọjọ́ náà ni mo sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta yìí. Mi ò ní gùn ún mọ́."

Iloffa ní kí wọ́n ra awò. Awò ìwòjìnnà, irú èyí tí àwọn ayìnbọn òyìnbó fi ń wo ibi tí ọta wọn bà, tó gùn bí apá, tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Osi gbà, wọ́n ní kò burú, ẹni tí kò bá jalè kì í sá fún iná tọ́ọ̀ṣì. Tolúlọpẹ́, ọmọ wa tó wà ní Abùjá, fi ọ̀kan ránṣẹ́. Olúwadámilọ́lá, ọmọ tiwọn tó wà ní Èkó, fi ọ̀kan ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni awò di méjì, ìjà sì di tuntun: ti ta la ó lò?

Èmi ni wọ́n wá bá. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní oríta Osi, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi, mo kàn tú rédíò bàbá mi palẹ̀ ní kékeré, mo sì rí i pé ó ṣeé tò padà. Bàbá mi jẹ́ ọmọ Osi, ìyá mi jẹ́ ọmọ Iloffa. Bàbá Lazarus ní, "Prosper, ọmọ àwa méjèèjì ni ọ́. Yan èyí tó dáa, kó o má sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni." Ẹ gbọ́, mi ò fọwọ́ kan irú awò yẹn rí. Ṣùgbọ́n fídíò tí mo ti wò nípa rẹ̀ kò lóǹkà, data mi tán lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n gbé páálí méjèèjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò lè jẹun. Mo gbé ọ̀kan jáde, mo kọjú rẹ̀ sí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, mo rí ewúrẹ́ kan lórí àpáta, mo rí i tó ń jẹnu. Ọkàn mi fò lọ bá ewúrẹ́ náà.

Sátidé tó ṣáájú ìdíje la lọ dán wọn wò létí odò. Àwọn àgbà ọdẹ díẹ̀ wá láti ìhà méjèèjì. Ìyá Ayọ̀ wà níbẹ̀, Ayọ̀kúnlé wà níbẹ̀, ó wọ fìlà Ojú Pátákó rẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ ọdún ni. Bàbá Lazarus dé kẹ́yìn.

"Ìyàwó wa, ṣé àlàáfíà la jí? Mo gbọ́ pé wọ́n ra ojú tuntun fún ọ."

"Ọkọ mi, èyí tó ti gbó yìí ṣì ń rí imú rẹ láti ulé."

"Imú mi kọ́ ni mo ní kó rí. Imú mi kò sí nínú ìdíje."

Mo gbé awò Osi sórí òkúta Apọta. Ó gùn, ó tọ́ gbọnrangandan, ibi tí a ń wò wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́ọ́kan bí ẹnu ìbọn. Ayọ̀kúnlé tẹ̀ ba, ó ka nọ́ńbà tó wà lára òrùka rẹ̀.

"Ọgọ́ta. Bàbá, mélòó ló wà lára tiyín?"

"Méjìdínláàádọ́ta," ni mo bá Bàbá Lazarus dáhùn.

"Ọgọ́ta ni baba méjìdínláàádọ́ta. Ẹ jẹ́ ká máa lọ ulé."

Mi ò lè bú u. Ohun tí èmi náà rò nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù: nọ́ńbà náà ni iye ìgbà tó ń fa nǹkan súnmọ́ni, èyí tó bá pọ̀ jù ló dára jù. Mo yí òrùka náà dé ọgọ́ta, mo fi ojú sí i. Pátákó ti dé iwájú mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣú, ó ń gbọ̀n, ó ń wú, ó ń lọ bí ẹ̀kọ tó ń hó lórí iná. Mo rò pé mo ti ba awò olówó jẹ́. Mo nù ún, mo wò ó, ó tún ń hó.

Bàbá Lazarus náà wò ó. "Pátákó yín ń jó."

"Kí ló ń jó fún?" ni Ayọ̀kúnlé bi í.

"Ó mọ̀ pé Iloffa ti dé."

Ìgbà tó yá ló yé mi. Oòrùn ti mú àpáta gbóná, ooru ń rú sókè láti inú kòtò odò, awò sì ń fa ooru náà súnmọ́ wa pẹ̀lú pátákó. Bí o bá ṣe ń fà á tó ni ooru ṣe ń pọ̀ tó lójú rẹ. Mo yí i padà sílẹ̀ dé nǹkan bí ogún, gbogbo rẹ̀ sì dúró jẹ́ẹ́, ó mọ́ tónítóní. Ọgọ́ta tí wọ́n ń fi yangàn, inú páálí ló ti wúlò. Mo tún wá wo iwájú àwọn méjèèjì. Gíláàsì iwájú ti Osi kò ju ẹyin adìyẹ lọ. Ti Iloffa fẹ̀ bí ẹnu agolo mílíìkì. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, bó bá ti fẹ̀ tó ni inú rẹ̀ máa ń mọ́ tó, àgàgà ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n máa ń yìnbọn tó gbẹ̀yìn.

Síbẹ̀, èyí tó parí ọ̀rọ̀ kì í ṣe gíláàsì. Gíga ni. Awò Osi tọ́, nítorí náà ojú rẹ gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba. Mo gbé e sí ibi tí Ìyá Ayọ̀ ti lè wò. Nígbà tó kan Bàbá Lazarus, ó tẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, ó wá fa ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gùn. Nígbà tí ìyá padà dé ìdí rẹ̀, ewé nìkan ló ń rí.

"Ta ló yí i?" ni ará Osi kan bi.

"Ta ló fẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?" ni ará Iloffa kan fi dá a lóhùn. Mo rí i pé wọ́n ti ń bọ́ síta láti bára wọn jà. Ìda oyin ìjọ́sí ló tún ń rùn yẹn.

Kíá ni mo gbé ti Iloffa dúró. Ẹ̀yìn tirẹ̀ tẹ̀ sókè bí ọrùn akèrègbè, èèyàn á kàn dorí kodò wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo inú ìkòkò. Mo gbé e sílẹ̀ díẹ̀ sí gíga Ìyá Ayọ̀. Ìyá wò ó. Bàbá Lazarus tẹrí ba díẹ̀, ó wò ó. Rọ́bà dúdú tó yí ibi ìwò ká ṣeé ká sílẹ̀, torí náà kò tilẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ẹnì kan yí i. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, èyí ni mo yàn. Ẹni kúkúrú àti ẹni gíga máa rí nǹkan kan náà nínú rẹ̀, láìfọwọ́ bà á."

Ayọ̀kúnlé wò mí láti òkè délẹ̀. "Prosper, ìyá ẹ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ létí."

"Bọ̀dá mi," ni mo wí, "ojú mi ò lẹ́bí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ayọ̀ gan-an ló rẹ́rìn-ín jù, ó fi ọwọ́ nu ojú. Àwọn àgbà Osi náà gbà, wọ́n ní bí òṣìkà bá tilẹ̀ ni ín, bó bá ti tọ́, ó tọ́. A wá jókòó, wọ́n pín iṣu sísun. Nígbà náà oòrùn ti yí, ó ti ń bọ́ sójú pátákó tààrà.

Ìyá Ayọ̀ kò jókòó. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kí ihò ọmọ mi dáadáa, kí àwọn Eruku tó wá tú u." Ó tẹ orí wo inú awò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó fi ojú lásán wo òdìkejì, ó tún tẹ orí.

"Prosper, ọmọ mi. Kí ni awò yìí máa ń ṣe sí ihò?"

"Kì í ṣe nǹkan kan sí i, Màmá. Bó ṣe wà ló ṣe ń fi í hàn."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Màmá."

"Wá wò ó."

Mo wò ó. Ihò àárín ojú pupa rèé, roboto, dúdú, ó dára bí ẹni fi irin lu. Mo fẹ́ sọ pé, àbí ẹ ò rí bó ṣe rẹwà. Ihò náà sì mira. Orí kan yọ jáde nínú rẹ̀. Orí dúdú tó ń dán, pẹ̀lú ìwo kékeré méjì. Ó dúró lẹ́nu ihò bí onílé tó jáde wá wo ojú ọjọ́, ó fa gbogbo ara rẹ̀ jáde, ó fò lọ. Ẹ mọ kòkòrò yẹn. Ó wà nínú igi àjà ilé gbogbo wa, kòkòrò dúdú ńlá tó máa ń gbẹ́ igi, tó ń kùn bí ọ̀kadà tó ń gun òkè. Lábẹ́ ihò náà, ìyẹ̀fun igi lẹ̀ mọ́ ọ̀dà funfun.

Èmi tí mo ti ń yangàn láti àárọ̀, mo sún kúrò nídìí awò.

Ayọ̀kúnlé ti rí ojú wa, ó dìde wá. "Màmá, kí lẹ rí?" Ìyá rẹ̀ sún fún un. Ó wò ó. Kòkòrò náà ti padà dé, ó ń wọlé. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn Ayọ̀kúnlé, mo rí bó ṣe le gan-an. Nígbà tó gbé orí sókè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Màmá, ẹ má sọ ọ́."

"Níbo ni ọta rẹ wà?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tú u. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Màmá, òkúta yín ni o."

"Mo ní níbo ni ọta rẹ wà?"

Ìyá náà ní kí n wá a. Mo mú awò sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Ihò gbogbo àwọn ọdẹ yòókù ló wà lára pátákó, níbi tí ìyá ti pè é fún wọn lọ́dún tó kọjá gẹ́lẹ́, kò ṣi ẹyọ kan. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Lábẹ́ pátákó, lára igi tuntun yẹn, èèpo ti fà ya, inú ọgbẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Igi náà ló dáhùn lọ́jọ́ yẹn. A ti pe ìdáhùn igi ní ìdáhùn pátákó.

Bàbá Lazarus jókòó níbi tó wà, ó ń bó èèpo iṣu, ó ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan. Bí ìyá bá yí padà tó sì béèrè omi mu, ó tán nìyẹn, àwa mẹ́ta nìkan ló máa mọ̀ títí láé.

Ìyá Ayọ̀ so ìró rẹ̀ le. Ó gun òkúta, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò. Ó sì pè é, ní ohùn kan náà tó fi máa ń pè é:

"Mo rí i, mo pè é. Ìbọn Ayọ̀kúnlé ọdún tó kọjá, ìdí igi. Kòkòrò ló ni ihò àárín."

Ẹnu gbogbo wọn dúró lórí iṣu. Bàbá Lazarus dìde pẹ̀lẹ́, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó wá wò ó. Mo ń dúró de ẹ̀rín rẹ̀, gbogbo Osi ń dúró de ẹ̀rín rẹ̀, ẹ̀rín odindi ọdún kan ló yẹ kó jáde. Ó gbé orí sókè.

"A jẹ́ pé kòkòrò yìí ló kọ́kọ́ fi iná sí igbó lọ́dún tó kọjá," ló wí, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí i pé ìyá ń wá ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sọ̀kalẹ̀. "Ìyàwó wa, dúró ná. Padà sókè. Ojú tó bá ń gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀ kò lè pe èyí tí o pè yìí."

"Mo ti sọ ọ̀rọ̀ lórí òkúta yìí kí awò tó dé, ọkọ mi."

"Àwàdà ni mò ń ṣe láti ọjọ́ yìí. Ìwọ náà mọ̀."

"Mo mọ̀. Èmi kò ṣe àwàdà lọ́jọ́ tí mo búra."

Ó na ọwọ́, Bàbá Lazarus sì dì í mú títí ó fi sọ̀kalẹ̀. Ayọ̀kúnlé bọ́ fìlà, ó gbé e lé òkúta, ó gba ojú ọ̀nà oko lọ láì wẹ̀yìn.

Ẹnu ṣì ń yà mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Nǹkan tí mo fi gbogbo ara fẹ́ràn, tí mo yàn lójú gbogbo ènìyàn pé ó dára jù, òun náà ló mú ìyá sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta.

Ọjọ́ ìdíje pé. Awò Iloffa dúró lórí òkúta, ọkùnrin kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan dúró tì í, àwọn méjèèjì ló ní láti rí nǹkan kan náà kí wọ́n tó pè é. Mi ò ní iṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí mo ti gbé e dúró, mo bá lọ jókòó lábẹ́ igi mángòrò lẹ́bàá Ìyá Ayọ̀. Ó wá. Ó gbé iṣu sísè wá fún àwọn ọdẹ, bó ṣe gbé e wá nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun. Ayọ̀kúnlé kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti Sátidé yẹn.

Ó kan Ayọ̀kúnlé. Ó gbé ìbọn sókè. Mo bojú wo ìyá rẹ̀, mo fẹ́ gbọ́ ohun tí yóò sọ lẹ́nu kẹ́lẹ́. Ó ti fa etí ìró rẹ̀ bo ojú.

Ìbọn dún. Ayọ̀kúnlé yíjú sí òkúta bó ti máa ń ṣe, ó ń retí ohùn ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta awò ló rí níbẹ̀. Àwọn méjèèjì wò ó, wọ́n sọ̀rọ̀ síra wọn, wọ́n pariwo: "A rí i, a pè é. Ìsàlẹ̀ pátákó, apá òsì." Bàbá Lazarus ti fi tirẹ̀ sínú ojú pupa. Iná di ti Iloffa.

Ayọ̀kúnlé gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó rìn wá sábẹ́ mángòrò, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màmá, ṣé òótọ́ ni wọ́n pè?"

"Mi ò wò ó."

"Ẹ̀yin? Ẹ ò wò ó?"

Ìyá náà bu iṣu sínú àwo, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Jẹun, Ayọ̀," ló wí. "Bí mo bá wò ó, àárín ojú ni màá rí i."